Kí ló gbé àwọn baba ńlá wa dìde lórí ẹsẹ̀ méjì?

Ṣúmẹ́kà Lágéré (ọjọ́ Àìkú, aago 4:10 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ Ẹtì, ẹ bá mi dá sí i.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágéré níbí, kọnkéré kan wà tí a dà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀. Kò tíì gbẹ tí ọmọ bí ọdún mẹ́jọ kan fi gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló tẹ̀ kí ìyá rẹ̀ tó gbá a mú. Kọnkéré ti gbẹ, ọmọ ti dàgbà, ipa ẹsẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀: gìgísẹ̀ rì, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kanlẹ̀, àtàǹpàkò sì tẹ kòtò kékeré síwájú. Ọmọ yunifásítì kan tó wá ran bàtà rí i, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa á, ó ní, "Bàbá, ẹ ti ní Laetoli tiyín." Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ó ní ibì kan ni ní Tansaníà, tí wọ́n ti rí ipa ẹsẹ̀ àwọn tó rìn lórí eérú òkè ayọnáyèéfín ní ohun tó lé ní ọdún mílíọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀ sẹ́yìn. Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún bàtà ṣe. Ẹ gbé bàtà gbígbó kan fún mi, ẹ má sọ ẹni tó ni ín, màá sọ bí ẹni náà ṣe ń rìn fún yín. Etí gìgísẹ̀ níhà ìta ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀ ibi tí àtàǹpàkò wà á lu. Tí bàtà bá jẹ níhà inú, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni náà tẹ́ ni. Mo fẹ àwòrán yẹn tóbi, mo sì rí i pé gìgísẹ̀ ló kọ́kọ́ balẹ̀, àtàǹpàkò ló ti ilẹ̀ kẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbé bàtà ẹni yẹn wá sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ ọ̀la, n ó rò pé aládùúgbò mi kan ló ni ín ni.

Ìbéèrè mi nìyí: kí ni wọ́n ń wá lókè tí wọ́n fi dìde? Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kì í tètè ṣubú. Èmi tí mo fi àárọ̀ jókòó lórí àpótí, bí mo bá fẹ́ dìde nírọ̀lẹ́, ẹ wá bi ìbàdí mi léèrè bóyá ẹsẹ̀ méjì yìí jẹ́ èrè.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ (4:31)

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀bọ ni baba ńlá tiyín ni? Tèmi kì í ṣe ọ̀bọ o. Ilé-Ifẹ̀ ni ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, a kì í ṣe ọmọ ẹranko. Àwọn òyìnbó ló ń fi èyí da orí àwọn ọmọ wa rú.

Alápatà Tó Mọṣẹ́ (4:36)

😂😂 Ọmọ Ìrẹ̀mọ, ẹ jẹ́ kí bàbá sinmi. Ṣúmẹ́kà, ṣé ẹ ti bá mi rán sálúbàtà yẹn tán?

Ṣúmẹ́kà Lágéré (4:40)

Ó ti tán láti àná. Ẹ wá pẹ̀lú owó o.

Olùkọ́ Eegun (5:55)

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ṣúmẹ́kà. Ẹ̀kọ́ nípa eegun ara ni mo ń kọ́ni, mo sì gbọ́dọ̀ sọ pé ohun tí ẹ rí lórí fóònù yẹn, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi ni kì í rí i títí n ó fi nàka sí i.

Kí n kọ́kọ́ dá Ọmọ Ìrẹ̀mọ lóhùn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wa ti máa ń ṣìnà. Kò sí onímọ̀ kankan tó ní ọ̀bọ tó wà nínú igbó lónìí ló bí wa. Èmi àti ọmọ àbúrò bàbá mi, mi ò bí i, kò bí mi, ṣùgbọ́n bàbá bàbá kan náà ló ni wá. Bẹ́ẹ̀ ni àwa àti ìnàkí rí (mo ní ìnàkí, èyí tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee, tí kò nírù, kì í ṣe ọ̀bọ onírù tó ń jí àgbàdo). Ó tó ọdún mílíọ̀nù mẹ́fà sí méje, ó ṣeé ṣe kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀nà wa ti yà.

Nísinsìnyí, Laetoli. Ẹ̀rín ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1976, àwọn tí Mary Leakey, onímọ̀ tó ń wa ohun àtijọ́ nínú ilẹ̀, kó lọ síbẹ̀ ń ṣeré, wọ́n ń ju ìgbẹ́ erin gbígbẹ lu ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Andrew Hill, fẹ́ yẹ èyí tí wọ́n jù sí i, ó ṣubú, ó dojú bolẹ̀, ó sì rí i pé ojú ilẹ̀ tí òun ṣubú lé kún fún ipa ẹsẹ̀ ẹranko. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1978, ni wọ́n rí ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì: ìlà méjì tó ń lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, gígùn rẹ̀ tó mítà 27, ipa ẹsẹ̀ bí àádọ́rin. Ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọdún mílíọ̀nù 3.66.

Bó ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìparẹ́, ẹ̀yin gan-an ti dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú kọnkéré yín. Òkè ayọnáyèéfín kan tú eérú jáde, òjò rọ̀ sí i, eérú náà sì ní èròjà tó ń mú kó le bíi sìmẹ́ńtì bí omi bá kàn án tí oòrùn sì pa á. Àwọn ẹni náà kọjá kó tó le. Eérú mìíràn tún wá bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni mélòó? Àwọn kan ń sọ pé mẹ́ta ni, nítorí ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń tẹ ojú ẹsẹ̀ ẹni tó wà níwájú, bí ọmọdé ṣe máa ń ṣe nínú ẹrọ̀fọ̀.

Ìyá Elélùbọ́ (6:20)

Kó máa tẹ ojú ẹsẹ̀ ẹni iwájú! Ọmọ mi ń ṣe é lójoojúmọ́ bí a bá ń bọ̀ láti ọjà. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ (6:24)

Olùkọ́, ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n ní Ìdànrè náà, ipa ẹsẹ̀ Àgbóògùn wà lórí àpáta, wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ló máa ń bá a mu, àfi ti àjẹ́. Ṣé ìyẹn náà ti di Laetoli ni? Báwo la ṣe mọ̀ pé ti ènìyàn ni ti Tansaníà, kì í ṣe ti ẹranko kan?

Olùkọ́ Eegun (6:50)

Ẹ bi Ṣúmẹ́kà 😊. Ìbéèrè dáadáa ni, a sì ti ṣe àṣìṣe nípa rẹ̀ rí. Ìlà kan wà ní Laetoli náà tí wọ́n rí ní 1976, tí wọ́n rò pé ẹsẹ̀ béárì ni. Ó di 2021 kí àwọn kan tó tún un wò, wọ́n sì kọ̀wé pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni, ẹ̀yà mìíràn tí ìrìn rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ti 1978 yẹn ṣá, àtàǹpàkò rẹ̀ wà ní ìlà kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ-ìka tó kù. Ti ìnàkí yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ti ọwọ́ yín, ó fi ń di ẹ̀ka igi mú. Ẹ ò lè rán bàtà fún ìnàkí, Bàbá, àfi tí ẹ bá fẹ́ rán ìbọ̀wọ́.

Alápatà Tó Mọṣẹ́ (7:15)

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Orí ewúrẹ́ ni mo ń là láti àárọ̀ dalẹ́. Ihò ńlá kan wà ní agbárí tí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ń gbà dé ọpọlọ. Ti ewúrẹ́, ẹ̀yìn orí gan-an ló wà. Ti àgùntàn bẹ́ẹ̀, ti màlúù bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń ki ọ̀bẹ sí bí mo bá fẹ́ yọ orí kúrò lára ọrùn. Níbo ni ti ènìyàn wà? Ẹ má rò pé mo ní nǹkan burúkú lọ́kàn o.

Olùkọ́ Eegun (7:48)

Alápatà, ẹ ti mú iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ mi. Abẹ́ ni ti ènìyàn wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí àárín gbùngbùn ìsàlẹ̀ agbárí. Ìdí nìyẹn tí orí wa fi jókòó lórí ọ̀pá ẹ̀yìn bí igbá ṣe ń jókòó lórí òṣùká. Orí ewúrẹ́ so kọ́ níwájú ni, iṣan ọrùn ló ń fà á mú kó má já bọ́.

Ihò yìí ló sì kọ́kọ́ tú àṣírí. Ní 1924, wọ́n gbé agbárí ọmọdé kan tí wọ́n hú jáde níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta ní Taung, Gúúsù Áfíríkà, fún Raymond Dart, olùkọ́ ẹ̀kọ́ eegun ara bíi tèmi. Ojú rẹ̀ jọ ti ìnàkí, ọpọlọ rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dart wo ìsàlẹ̀ agbárí náà, ihò ti sún wá síwájú. Ó kọ̀wé ní 1925 pé ẹni yìí ń rìn lórí ẹsẹ̀ méjì. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí èrò àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ni pé ọpọlọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tóbi, kí ọgbọ́n tó sọ fún ènìyàn pé kó dìde.

Ó wá hàn pé ẹsẹ̀ ló ṣáájú orí. Ní 1973, Donald Johanson rí eegun orúnkún kan ní Hadar, Etiópíà. Eegun itan ibẹ̀ dagun wá sínú láti ìbàdí, bí tiwa, kí ẹsẹ̀ lè wà lábẹ́ ara bí a bá ń rìn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 24 oṣù kọkànlá 1974, wọ́n rí obìnrin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Lucy, tí àwọn ará Etiópíà ń pè ní Dinkinesh. Bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún eegun rẹ̀ ni wọ́n rí. Ọdún mílíọ̀nù 3.2. Kò ga ju ọmọ ọdún méje lọ, ọpọlọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ìnàkí lọ, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ jẹ́ ti arìnrìn-ẹsẹ̀-méjì.

Irinṣẹ́ òkúta tó pẹ́ jù tí a mọ̀, ọdún mílíọ̀nù 3.3 ni, ní Lomekwi, Kẹ́ńyà. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti ń rìn fún àkókò gígùn kí ìyẹn tó dé. Nítorí náà, ẹ yọ "wọ́n dìde kí wọ́n lè máa lo irinṣẹ́" kúrò nínú ìdáhùn.

Ìyá Elélùbọ́ (8:05)

Olùkọ́, òṣùká tí ẹ dárúkọ yìí, ẹ fi sílẹ̀ fún wa. Ẹni tí kò bá tíì gbé ọpọ́n èlùbọ́ kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ká aṣọ rẹ́rẹ́, ẹ wé e bí ejò tó ká jọ, ẹ fi sí àtàrí. Bí ẹrù bá dé orí, ẹ ò gbọdọ̀ wo ilẹ̀. Ọrùn á nà, àyà á yọ, ìbàdí nìkan lá máa jó. Tí ẹ bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹrù ti lọ nìyẹn. Ọwọ́ mi méjèèjì á sì wà lófìfo, ọ̀kan á di ọmọ mú, èkejì á máa ka owó. Tí ẹ bá bi mí ìdí tí ènìyàn fi dìde, mo ní ẹrù ló gbé e dìde.

Bàbá Òkè Ìtasẹ̀ (9:30 alẹ́)

Mo kí gbogbo yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọmọ Ìrẹ̀mọ, má bínú sí àwọn tó ń wá ìmọ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, Ọbàtálá ló ń fi amọ̀ mọ ènìyàn, Olódùmarè ló ń fi èémí sí i. Ọjọ́ tó mu ẹmu yó, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró: abuké, arọ, àfín, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, ó kábàámọ̀, ó ní òun ò ní fẹnu kan ẹmu mọ́, ó sì sọ wọ́n di ẹni òrìṣà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣẹ̀sín. Àwọn baba wa náà ti ronú lórí ìdúró ènìyàn, ẹ ò rí i? Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pá ẹ̀yìn lè dúró, ó sì lè tẹ̀.

Wọ́n sọ pé ó mọ ènìyàn. Wọn ò sọ fún mi pé ọjọ́ kan ló fi mọ ọ́n.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ (9:41)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti gbọ́ o.

Òṣómàáló Jámánì (ọjọ́ Ajé, 1:12 òru)

Ọmọ Ìléṣà ni mí, Jámánì ni mo wà báyìí. Ẹ jẹ́ kí a má gbàgbé tiwa. Gbogbo yín ń sọ ti ìdúró, ta ló ń sọ ti ìlóṣòó? Àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn, bí wọ́n bá dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè, wọ́n á ní òṣó ni àwọn máa ló títí àwọn ó fi gba owó àwọn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tó gbà pé lórí ìlóṣòó gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ẹranko tó ń lóṣòó lórí ilẹ̀ igbó, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣa oúnjẹ, ara òkè rẹ̀ ti dúró ṣánṣán kí ẹsẹ̀ tó nà. Ẹ rí i pé Ìjẹ̀ṣà ló kọ́kọ́ débẹ̀. 😎

Kí n tó gbàgbé: níbí ní Bavaria, wọ́n rí eegun ẹran kan nínú kòtò amọ̀, wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2019, wọ́n pè é ní Danuvius. Ọdún mílíọ̀nù 11.6. Wọ́n ní ó lè dúró lórí ẹsẹ̀ méjì lórí igi. Ṣé kì í ṣe Yúróòpù ni ó ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ Eegun (6:35 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o. Òṣómàáló, èrò ìlóṣòó yẹn kì í ṣe àwàdà, àwọn ènìyàn gidi ló ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ti Danuvius, àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn kan ní eegun náà jọ ti àwọn ìnàkí tó ń fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ igi lásán. Èmi kò tíì gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti "kí ló dé". Ohun tí wọ́n kọ́ wa níléèwé ni pé igbó gbẹ, ó di ọ̀dàn, àwọn baba ńlá wa sì bọ́ sórí ilẹ̀, wọ́n dìde kí wọ́n lè rí òkèèrè kọjá koríko. Ó dùn ún gbọ́. Ọ̀rọ̀ pé ìlà-oòrùn Áfíríkà nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ohun méjì ló da á rú.

Èkínní ni Ardi, eegun obìnrin àtijọ́ kan tí wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2009, láti Aramis ní Etiópíà, ọdún mílíọ̀nù 4.4. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gun igi, síbẹ̀ apá òkè ìbàdí rẹ̀ ti yí padà fún ìdúró. Àwọn eegun ẹranko tí wọ́n bá pẹ̀lú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn tó ń gbé láàárín igi. Èkejì ni Toumaï. Ní 2001, ní aginjù Djurab ní Ṣáàdì, aládùúgbò wa lọ́hùn-ún, Ahounta Djimdoumalbaye tó wà lára àwọn tí Michel Brunet kó lọ, rí agbárí kan tó tó ọdún mílíọ̀nù méje. Ó jìn sí àfonífojì ńlá ìlà-oòrùn Áfíríkà (Rift Valley) tó kìlómítà 2,500. Alápatà, ẹ gbọ́ o: ihò náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi jiyàn, wọ́n ní ó ti wá síwájú. Ní 2022 wọ́n gbé eegun itan rẹ̀ jáde, àwọn kan ní ó fi ìrìn ẹsẹ̀ méjì hàn, àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Ìjà náà kò tíì parí.

Ìwádìí mìíràn tún wà ní 2022 tí mo fẹ́ràn gan-an. Wọ́n lọ ṣọ́ ìnàkí ní àfonífojì Issa ní Tansaníà, níbi tí igi kò ti pọ̀ tó ti igbó ńlá. Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ gbangba ló ń mú ẹran dìde, orí ilẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti máa dúró. Rárá o. Ó lé ní ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tí wọ́n dúró lórí ẹsẹ̀ méjì tó jẹ́ pé orí igi ni, tí wọ́n ń di ẹ̀ka òkè mú, tí wọ́n ń já èso.

Ìyá Elélùbọ́ (7:02)

Olùkọ́, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ lórí ẹrù mi.

Olùkọ́ Eegun (7:20)

Àforíjì, ìyá. Mo fẹ́ fi í ṣe ẹran inú ọbẹ̀ ni. Ní Bossou, ní Gínì, ìnàkí máa ń fi òkúta pa ẹ̀kùrọ́, bí àwọn ìyá wa ṣe ń pa á gẹ́lẹ́: òkúta kan nílẹ̀, òkúta kan lọ́wọ́. Àwọn olùwádìí kó ẹ̀kùrọ́ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n tún kó irú èso igbó mìíràn tó ṣọ̀wọ́n sí i, èyí tí àwọn ìnàkí fẹ́ràn jù. Nígbà tí èyí tó ṣọ̀wọ́n wà nílẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin ni dídìde wọn lórí ẹsẹ̀ méjì fi pọ̀ sí i. Ẹ̀kùrọ́ wà níbi gbogbo, kò sí ìdí láti ko ó sálọ. Èyí tó wọ́n, kálukú ń kó tirẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́nu, ó ń sá. Wọ́n tún rí i pé bí wọ́n bá lọ jí ìbẹ́pẹ lóko olóko, wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ méjì gbé e lọ nígbà mìíràn. 2012 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ yín sún mọ́ òótọ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi ń ṣiyèméjì ni pé gbígbé ẹrù fún ìṣẹ́jú méjì kò tíì tó láti yí ìbàdí padà. Èrò tèmi ni pé orí igi ni ìdúró ti bẹ̀rẹ̀ fún jíjẹun, ẹrù ló sọ ọ́ di ìwúlò lórí ilẹ̀, ìrìn jíjìn ló wá fi òǹtẹ̀ lù ú. Nítorí ìrìn wa kò náni ní agbára púpọ̀: ní 2007 wọ́n gbé ìnàkí márùn-ún sórí ẹ̀rọ ìrìn, wọ́n gbé ènìyàn náà sí i, agbára tí ènìyàn ń ná kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti ìnàkí lọ.

Alápatà Tó Mọṣẹ́ (7:33)

Ta ló láyà láti gbé ìnàkí sórí ẹ̀rọ ìrìn? Ọlọ́run ló ń bá wọn ṣe é.

Ṣúmẹ́kà Lágéré (7:50)

Ìdá kan nínú mẹ́rin! Ẹ wò ó, mo mọ ìdí ẹ̀. Ìnàkí tó bá dìde, orúnkún rẹ̀ kì í nà tán. Ẹ gbìyànjú kí ẹ rìn láti Lágéré dé Ẹnu Ọ̀wá pẹ̀lú orúnkún títẹ̀, itan yín á ta yín lólobó. Àwọn tí orúnkún ń dùn tó ń rìn bẹ́ẹ̀, iwájú bàtà wọn ló máa ń jẹ tán, gìgísẹ̀ á ṣì dà bíi tuntun.

Kí ló dé tí ìnàkí fi ń mì sọ́tùn-ún sósì bó bá ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn?

Olùkọ́ Eegun (8:04)

Ẹ dìde, ẹ fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí yín, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹ rí iṣan tó le lábẹ́ ọwọ́ yín níhà tí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀? Òun ni kò jẹ́ kí ẹ wó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbogbo ìgbésẹ̀ jẹ́ dídúró lórí ẹsẹ̀ kan. Eegun ìdí ìnàkí ga, ó sì tẹ́ lẹ́yìn bí pákó. Tiwa kúrú, ó sì yí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àwo, nítorí náà ni iṣan yẹn fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Nọ́ọ̀sì Ìléṣà (12:40 ọ̀sán)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró lórí àwo yẹn. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ń ṣe, mo sì ti dúró ti àwọn aboyún ju bí mo ṣe lè kà lọ. Àwo ìdí tí ẹ ń yìn yìí ni ọmọ ń gbà kọjá. Ọmọ kì í kàn já bọ́. Ó ń yí ni. Orí rẹ̀ máa ń wọlé ní ẹ̀gbẹ́, ó tún yí bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, èjìká náà tún yí tẹ̀ lé e. Ẹ fi ìgò ẹlẹ́nu tóóró wò ó. Ìnàkí máa ń lọ síbi kọ́lọ́fín, á dá bí ọmọ tirẹ̀. Obìnrin tiwa, ó fẹ́ ẹni tó máa gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní yàrá ìrọbí, òótọ́ pọ́ńbélé ni.

Orí tó wá tóbi lẹ́yìn náà, ó bá ìdí tó ti kúrú nílẹ̀. Ọpọlọ ọmọ tiwa kì í tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti àgbàlagbà nígbà tí a bá bí i. Àwọn kan ní ìdí tó há ló fà á tí a fi ń tètè bí wọn, àwọn mìíràn ní ara ìyá ni kò lè bọ́ ọmọ náà mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ti rí ìyá tó bí ọmọ kílò mẹ́rin ààbọ̀, tó sì dìde lọ wẹ̀, nítorí náà mi ò fi gbogbo ara tọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́yìn.

Ṣúmẹ́kà, ẹ̀yìn yín tó ń dùn, mo bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo aboyún oṣù mẹ́sàn-án tó ń gun òkè lọ sí kílíníìkì, tí kò ṣubú síwájú. Ní 2007 àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ pé ibi tí ẹ̀yìn ti tẹ̀ wọnú, eegun mẹ́ta ló gbà lára obìnrin, méjì ló gbà lára ọkùnrin. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó lè fa ara sẹ́yìn. Wọ́n sì rí ìyàtọ̀ yìí lára àwọn ìbátan Lucy ní Gúúsù Áfíríkà. Bí ẹ ò bá lóyún rí, ẹ má fi ẹ̀yìn halẹ̀ mọ́ wa.

Ìyá Elélùbọ́ (12:52)

Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á máa bùkún yín. 👏👏

Òṣómàáló Jámánì (2:15)

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: kí ló dé tí wọn ò rí eegun kankan nílẹ̀ Yorùbá? Ṣé ẹnikẹ́ni ò rìn níbí ni?

Olùkọ́ Eegun (3:30)

Ilẹ̀ igbó wa kì í tọ́jú eegun. Òjò pọ̀, ilẹ̀ náà ní èròjà kíkan, eegun á jẹrà. Ibi tó gbẹ, tí eérú tàbí ẹrẹ̀ adágún bò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí i. Èyí tó pẹ́ tí a ní nítòsí ni ti Ihò Eléérú ní Ìṣàrun, lẹ́bàá Àkúrẹ́, tí àwọn tí Thurstan Shaw kó lọ hú jáde ní 1965. Ó tó ọdún 13,000. Ènìyàn ni, ó ń rìn bí èmi àti ẹ̀yin. Agbárí rẹ̀ ló ṣì ń ya àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́nu, nítorí ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn tó ti pẹ́ jù ú lọ. Ẹ wo orúkọ ibẹ̀ náà: Ihò Eléérú.

Ọmọ Ìrẹ̀mọ (4:02)

Eérú níbẹ̀, eérú ní Tansaníà. Mi ò tíì gbà pé ìbátan ìnàkí ni mí o, ṣùgbọ́n mo ti ń fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí mi láti àárọ̀, mo ń gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ìyàwó mi ní kí ló ń ṣe mí.

Alábòójútó (4:10)

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwòrán orí ewúrẹ́ síbí mọ́. Alápatà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Alápatà Tó Mọṣẹ́ (4:12)

Ìmọ̀ ni mo fi ń hàn wọ́n! Ihò yẹn hàn kedere nínú rẹ̀.

Ṣúmẹ́kà Lágéré (6:45 ìrọ̀lẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ yẹn wá mú bàtà rẹ̀ lónìí, mo ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín fún un. Ó ní ní Laetoli, wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ bo ipa ẹsẹ̀ náà padà ní àwọn ọdún 1990, nítorí gbòǹgbò igi ti ń wọ inú rẹ̀. Mo ní ìyẹn dára, kọnkéré tèmi náà ti ń sán.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pe bíríkìlà ní ọ̀sán òní kó fi sìmẹ́ńtì tuntun dí etí rẹ̀, kó má fọwọ́ kan ibi tí ẹsẹ̀ ọmọ náà wà. Ó ṣe é dáadáa, ó lọ. Mo wọlé lọ mu omi. Kí n tó jáde, ewúrẹ́ Alápatà ti gba orí rẹ̀ kọjá, adìẹ kan tẹ̀ lé e, ọmọ ọmọ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn náà sì tẹ̀ lé adìẹ. Ewúrẹ́ tẹ pátákò méjì méjì, adìẹ tẹ ìka mẹ́ta. Ọmọ náà tẹ ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó jókòó sínú sìmẹ́ńtì, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹlẹ̀, ó sì dìde.

Bíríkìlà ní kí òun wá tún un ṣe lọ́la. Mo ní kó má wá.

Alápatà Tó Mọṣẹ́ (6:51)

Ewúrẹ́ mi ò sí níta lónìí o. Ẹ wo ìrù rẹ̀ dáadáa.